Ẹni Tó Di Okùn Mú

Bàbá mi kò fò rí.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ń fa okùn
ní ilé-iṣẹ́ sinimá kan tó kọjú sókun ní Họ́ǹkọ́ǹgì,
òun àti ọkùnrin mẹ́fà, ìbọ̀wọ́ awọ lọ́wọ́ wọn.
Wọ́n á ka ení, èjì,
wọ́n á sáré síbì kan náà bí ẹni tí olóko ń lé,
ni Tong Lai-sheung tòun tidà
á bá gbéra nílẹ̀, fúyẹ́ bí ìyẹ́,
á fo òrùlé ilé ọtí,
á bà sórí ewé ọparun tí kò tẹ̀.
Ayé rí obìnrin náà.
Ayé ò rí okùn.
Àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi kùn ún;
bí ojú ọ̀run bá ṣú, wọ́n á tún un kùn.

Èmi, Sau-king ọmọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù fídíò ni mo ti jẹun,
ní Mong Kok, lókè ẹni tó ń tún bàtà ṣe.
Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ilé àlá kọ̀ọ̀kan.
Onídà àti oṣó, ẹ máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.
Ìtàn tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀,
tí ìyàwó bàbá ń fi oúnjẹ du ọmọ ọlọ́mọ,
ìyẹn wà nísàlẹ̀, níbi tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn.
Dírágónì gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀:
tiwa ń mú òjò wá, tòyìnbó ń sun abúlé,
wọn ò rẹ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń sùn ni.
Àwọn tó ṣílẹ̀kùn yàrá ìwẹ̀ tí wọ́n bọ́ sáyé mìíràn.
Àwọn àǹjọ̀nú tó ń wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́.
Èyí tó ṣókùnkùn jù wà lókè téńté.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ;
ẹni tó wí bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ọmọdé tó mọ àga gùn.

Ọ̀gbẹ́ni Fung, oníṣègùn eyín, dá ọ̀kan padà, inú ń bí i.
“Ẹ ní ẹ̀rù ló máa bà mí. Ẹkún ni mo sun.
Òkú obìnrin ń dáná fún ọkọ rẹ̀,
ọkọ ò sì mọ̀ pé ó ti kú.
Pẹpẹ wo nìyẹn?”
Mo gbé e dání títí ilẹ̀ fi ṣú.
Abẹ́ tábìlì ni mo tì í sí.
Nígbà tó yá, abẹ́ tábìlì kún ju pẹpẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni bàbá máa ń yà, búrẹ́dì lọ́wọ́,
á dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n.
Kì í wo ojú òṣèré. Ẹsẹ̀ wọn ló ń wò.
“Wọ́n yára fà á jù níbẹ̀ yẹn.”
Ó bi mí lọ́jọ́ kan: “Ibo lẹ kó àwa sí?”
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò sí nínú fíìmù.”
“Òótọ́ ni,” ó ní,
ó sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán.

Ṣọ́ọ̀bù ti kógbá wọlé. Èèpo fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Oṣù kẹta, apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e.
Nọ́ọ̀sì méjì ti ẹ̀rọ kan wọ wọ́ọ̀dù,
ó lápá irin, ó lókùn mẹ́rin.
Wọ́n fi aṣọ gbá a nídìí, wọ́n fi gbá a lẹ́yìn,
ọ̀kan tẹ bọ́tìnnì.
Bàbá mi kúrò lórí ibùsùn.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lókè ilẹ̀,
aṣọ ọsibítù ń fẹ́ lẹ́lẹ́,
ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára okùn.
Ó na apá òsì síwájú, tààrà, bí ẹni mú idà.
Ẹnu tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ nǹkan.
Nọ́ọ̀sì wojú mi: kí ló wí?

Ó ní kẹ́ ẹ ka ení, èjì,
kẹ́ ẹ tó fà.

Wọ́n sì kà á.